Ojú Ni Wọ́n Bò Kẹ́yìn

Òwú ni Abẹ́rẹ́ kọ́kọ́ wò, kó tó wo egungun. Ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ gáréèjì Ọ̀gágun, ó ti awò ojú rẹ̀ sókè, ó sì ń fi ìka tọ ibi tí wọ́n ti rán tápólì, aṣọ líle tí wọ́n fi di òkú náà, pọ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ka lẹ́tà. Àwọn òṣìṣẹ́ tó hú òkú náà jáde ti fi ọ̀bẹ la ẹ̀gbẹ́ kan kí wọ́n lè mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n rán kò tú. Òwú ọ̀rá ni wọ́n fi rán an. Ọdún méjìlá tó fi wà lábẹ́ ilẹ̀ kò rí i gbé ṣe.

Ọdún mẹ́rìnlá ni obìnrin yìí fi ránṣọ kó tó wọṣẹ́ ọlọ́pàá, ìdí kan nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Abẹ́rẹ́. Ìdí kejì ni pé ìbéèrè rẹ̀ máa ń gún ni níbi tí èèyàn kò fura sí. Ẹni tó máa ń dápàárá ni, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí kò sí ẹ̀fẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó ti bá òkú nínú ilé tó pọ̀, àmọ́ ilé yìí fúnra rẹ̀ ń rùn sí i ju òkú inú rẹ̀ lọ.

Dáwódù, àkọ́bí Ọ̀gágun, ni òkú ọ̀hún. Ó dàwátì lọ́dún méjìlá sẹ́yìn. Ọ̀gágun kígbe fáyé gbọ́ pé ọmọ òun jáde nílé, pé àbúrò òun ló sì pa á. Bàbá Kékeré ni gbogbo èèyàn ń pe àbúrò náà, orí òkè ni ilé Ọ̀gágun wà, ìsàlẹ̀ òkè kan náà ni tirẹ̀ wà. Bí ilé òkè àti ilé ìsàlẹ̀ ṣe kọjú ìbọn síra wọn nìyẹn, ọmọ bàbá kan náà, fún ọdún mẹ́sàn-án gbáko. Ọmọ ọlọ́mọ ló sì kú jù níbẹ̀. Ọdún kẹta rèé tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà. Lánàá ni àwọn òṣìṣẹ́ ń fọ́ ilẹ̀ ilé jẹnẹrétọ̀ Bàbá Kékeré kí wọ́n lè ri páìpù omi mọ́lẹ̀, ni wọ́n bá kan tápólì, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé Ọ̀gágun. Irin tí dókítà fi to itan Dáwódù nígbà tó já bọ́ lórí kẹ̀kẹ́ lọ́mọdé ṣì wà lára egungun náà, kò sì sẹ́ni tó tún ń jiyàn.

Ìwé àlàáfíà sọ pé ẹni tó bá pa ọmọ ilé kejì ní ìkọ̀kọ̀, tí kò sì jẹ́wọ́ lọ́jọ́ ìfọwọ́sí, wọn yóò fà á lé ilé tó ni òkú lọ́wọ́. Iṣẹ́ ọlọ́pàá kò ju pé kó kọ ẹni tó pa á sílẹ̀. Aago mẹ́rin ọ̀sán ni wọ́n dá fún Abẹ́rẹ́. Wọ́n ti so Bàbá Kékeré mọ́ àga nínú oòrùn ní àgbàlá, wọ́n sì ti gbé okùn kọ́ irin tó wà lókè ẹnu gáréèjì. Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ wà lẹ́yìn géètì, ti Ọ̀gágun wà nínú, gbogbo wọn fi ìka lé ìbọn. Ọ̀gá Abẹ́rẹ́ ti pè é lórí fóònù lẹ́ẹ̀mejì pé kó kọ ohun tí Ọ̀gágun fẹ́, kó máa bọ̀ nílé. Ó mọ̀ pé bí òun bá kọ orúkọ Bàbá Kékeré, wọn ò ní jẹ́ kí yíǹkì rẹ̀ gbẹ kí wọ́n tó fa ọkùnrin náà sókè.

Ihò kan ṣoṣo ló wà nínú agbárí, lẹ́yìn orí. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún tápólì náà sì ya, bí ìbú ọwọ́ méjì, yàtọ̀ sí ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ọ̀bẹ là. Dókítà ilé náà ní àdá ni, pé wọ́n kọ́kọ́ ṣá ọmọkùnrin náà kí wọ́n tó yìn ín níbọn, ìwà ìkà tí kò yà òun lẹ́nu lọ́wọ́ Bàbá Kékeré. Abẹ́rẹ́ yẹ ẹ̀wù tó wà lábẹ́ ibẹ̀ wò. Ẹ̀wù náà kò ya. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà, ó sì ní kó lọ sinmi.

Ẹni tó kọ́kọ́ bi léèrè ni ọmọ kejì Ọ̀gágun, èyí tó gba ipò Dáwódù lórí àwọn ọmọ ogun. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é, nítorí pé kì í gbé ohùn sókè. Àwọn tó jẹ́ pé ohùn jẹ́jẹ́ náà ni wọ́n gbọ́ kẹ́yìn láyé wọn kò níye. Ó jókòó sórí táyà, ó na ẹsẹ̀, ó ní kí Màmá ọlọ́pàá béèrè ohun tí wọ́n fẹ́. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n òun sọ nù, òun kò sí nílé, òun ń ṣọ́ ibodè. Ìgbà tí òun dé ni ìyá òun gbá òun mọ́ra, tí wọ́n sì ní kí òun lọ gbẹ̀san.

Abẹ́rẹ́ kò bá a sọ̀rọ̀ ẹ̀san. Ó bi í bí wọ́n ṣe máa ń sin ẹni tó bá kú lójú ogun. Jẹ́jẹ́ ṣàlàyé láìronú: inú tápólì ni, wọ́n á sì rán an pa kí ajá má baà rí i tú.

"Ṣé láti orí lẹ ti ń rán an ni, àbí láti ẹsẹ̀?"

"Ó dá lórí ẹni tó jẹ́. Tó bá jẹ́ ọmọ ogun lásán, láti orí ni, kó má baà máa wò wá. Tó bá jẹ́ ọmọ ilé, láti ẹsẹ̀ ni. Ojú là ń bò kẹ́yìn, kí ẹni tó ni ín lè wò ó tẹ́rùn."

"Ó dáa. Ẹ wá bá mi wo ibi tí wọ́n ti so òwú yìí pa."

Jẹ́jẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Orí ni kókó náà wà, gẹ́lẹ́ níbi tí iwájú orí òkú náà ti wà rí. Ó ní Bàbá Kékeré náà mọ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ṣebí ọmọ ilé lòun náà.

Òótọ́ ló sọ, Abẹ́rẹ́ sì gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Ṣé apànìyàn lè jókòó ti ẹni tó pa, kó sì fẹ́ wo ojú rẹ̀ tẹ́rùn? Níbòmíì, yóò ní rárá. Nínú ẹbí yìí, kò lè búra.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú òwú náà tó ti rí kó tó pe Jẹ́jẹ́. Bí ọlọ́wọ́ ọ̀tún bá ń ránṣọ, apá kan ni òwú máa ń tẹ̀ sí. Ti inú tápólì yìí tẹ̀ sí apá kejì láti ẹsẹ̀ dé orí. Ọlọ́wọ́ òsì ló rán an. Ó bu omi sínú kọ́ọ̀bù, ó sì lọ bá Bàbá Kékeré nínú oòrùn.

Bí ọkùnrin náà ṣe ń mu omi lọ́wọ́ rẹ̀ ni Abẹ́rẹ́ ń wo ọwọ́ òsì tí wọ́n so mọ́ apá àga. Àtàǹpàkò àti ìka kékeré nìkan ló kù níbẹ̀. Bọ́ǹbù ló gbé ìyókù lọ, ọjọ́ ti pẹ́, a ò tíì bí Dáwódù. Ìka méjì yẹn kò lè mú abẹ́rẹ́ rárá, ká má tíì sọ pé yóò gún tápólì líle bí ìyẹn.

"Ẹ̀yin lẹ pa á, Bàbá?"

"Mi ò pa á. Ọlọ́run gbọ́, mi ò pa á."

"Ṣé ẹ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀?"

Bàbá Kékeré ní kó jọ̀ọ́ bu omi sí i fún òun.

Abẹ́rẹ́ bu omi sí i. Ẹni tó bá ń sá fún ìbéèrè kan lára méjì ti dáhùn méjèèjì, ó sì fi ìyẹn sínú.

Ọkùnrin arúgbó kan wà lẹ́yìn ilé ìdáná tí iṣẹ́ rẹ̀ láyé ogun jẹ́ kó máa rán òkú. Aránkú ni wọ́n ń pè é títí di òní, kò sì bínú sí i. Òun ni Abẹ́rẹ́ rò pé yóò jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì, àmọ́ ọwọ́ ọ̀tún ni arúgbó náà fi gba tápólì, ọwọ́ ọ̀tún ló sì fi ń tọ òwú rẹ̀. Ó mi orí. Abẹ́rẹ́ ńlá méjì lòun máa ń lò lẹ́ẹ̀kan náà, ó ní, òun kì í sì í fara balẹ̀ báyìí, òkú míì á ti máa dúró de òun.

"Ẹni tó rán èyí, aṣọ alààyè ló kọ́ bí wọ́n ṣe ń rán," ni ó wí.

Abẹ́rẹ́ bi í pé ta ni ọlọ́wọ́ òsì nínú ilé yìí. Aránkú ní òun ti darúgbó, ojú òun kò ríran dáadáa mọ́. Ojú tí kò ríran dáadáa náà sáré lọ sórí kọ́tìnì pálọ̀, ó sì sáré padà.

Abẹ́rẹ́ wọ pálọ̀, ó yí etí kọ́tìnì náà padà. Àwọn ojú òwú náà kéré, wọ́n dọ́gba, wọ́n sì tẹ̀ sí apá òsì. Lẹ́yìn ojú mẹ́wàá, ẹni náà á rán ojú kan náà lẹ́ẹ̀mejì kó tó máa bá a lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti tápólì rí, mẹ́wàá-mẹ́wàá, láti ẹsẹ̀ dé iwájú orí. Ó yẹ aṣọ tábìlì wò, ọwọ́ kan náà ni. Ìrọ̀rí orí àga, ọwọ́ kan náà. Ó jáde sí kọ́rídọ̀, ó fa kọ́là ọmọ ogun kan tó ń tòògbé lórí ìdúró, ọwọ́ kan náà. Gbogbo ilé náà ni ẹnì kan ti rán yí ká.

Aago méjì àbọ̀ lù. Ó fa bọ́tìnnì kan já lára ẹ̀wù ara rẹ̀, ó ní kí Jẹ́jẹ́ tẹ̀lé òun, kó dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kó má sì sọ ọ̀rọ̀ kan. Lẹ́yìn náà ló kan ilẹ̀kùn Ìyá Àgbà.

Gbogbo ìlú ló mọ Ìyá Àgbà, ìyá Dáwódù. Aṣọ dúdú ló ti ń wọ̀ láti ọdún méjìlá wá. Bí wọ́n bá fẹ́ kó ọmọ tuntun jọ fún ogun, òun ni wọ́n máa ń gbé jáde, á sunkún àkọ́bí rẹ̀ títí àwọn ọ̀dọ́ á fi máa bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n fún àwọn níbọn. Ó jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, àwòrán Dáwódù wà lókè orí rẹ̀. Abẹ́rẹ́ kí i, ó bá a kẹ́dùn, ó sì ní kí wọ́n má bínú, bọ́tìnnì òun já, ojú sì ń ti òun láti dúró níwájú Ọ̀gágun bẹ́ẹ̀. Ìyá Àgbà ní kó mú un wá. Ọwọ́ òsì ló fi mú abẹ́rẹ́.

"Ọwọ́ yín mọ́ iṣẹ́, mà. Ìyá yín kò nà yín nítorí ọwọ́ òsì?"

"Ó nà mí títí ó fi sú u."

Ó rán bọ́tìnnì náà tán. Kó tó já òwú rẹ̀ ni Abẹ́rẹ́ yọ ohun méjì jáde láti inú báàgì: etí tápólì tó gé, àti ìrọ̀rí pálọ̀. Ó tẹ́ wọn sórí itan ìyá náà, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì.

"Mà, èwo lẹ kọ́kọ́ rán nínú méjèèjì?"

Ìyá Àgbà wò wọ́n. Abẹ́rẹ́ ń retí ẹkún tí gbogbo ìlú mọ̀. Ẹkún náà kò wá.

"Tápólì yẹn ni," ni ó wí. "Òwú ọ̀rá nìkan ló wà nílé lọ́jọ́ náà. Ó máa ń yọ̀ lọ́wọ́."

Ìyẹn ni ohun tó rántí. Abẹ́rẹ́ bi í pé ta ló yìnbọn. Obìnrin náà sọ ọ́ bí ẹni ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé ẹlòmíì. Ìdí tábìlì oúnjẹ ni wọ́n wà. Dáwódù ní ogun ti sú òun, pé òun yóò bá Bàbá Kékeré sọ̀rọ̀, kí ilé méjèèjì jọ kó ìbọn wọn fún ìjọba. Bàbá rẹ̀ ní kó tún un sọ, ó sì tún un sọ. Bó ṣe dìde tó kẹ́yìn sí wọn báyìí ni Ọ̀gágun yìn ín.

"Ó ní iṣẹ́ náà kò gbọdọ̀ dé ọwọ́ ẹlòmíì, kí n rán an fúnra mi. Mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀."

"Ta ló ní kí wọ́n sin ín sí ilẹ̀ Bàbá Kékeré?"

"Òun náà ni. Ó ní bí òjò kan bá ti rọ̀, àgbàrá á fọ̀ ọ́ síta, gbogbo ayé á sì rí i. Òjò rọ̀ títí, kò sẹ́ni tó rí i. Ogun sì ti bẹ̀rẹ̀ nígbà náà."

"Ẹ̀yin wá dákẹ́, mà. Ẹ̀yin tí ẹ bí i."

"Ọmọ méjì ni mo bí. Ọ̀kan ti lọ. Bí mo bá la ẹnu, ta ni yóò fi ilé yìí sílẹ̀ fún èkejì?"

Èkejì ti ilẹ̀kùn wọlé. Ó dúró sáàárín yàrá, ó ń wo ìyá rẹ̀ bí ẹni tó ṣìnà wọ ilé onílé.

"Màámi, ẹ̀yin lẹ máa ń di oúnjẹ fún mi kí n tó lọ. Lójoojúmọ́ lẹ máa ń sọ fún mi pé kí n má gbàgbé ẹ̀gbọ́n mi."

"Ìwọ ni mo ṣe é fún," ni Ìyá Àgbà dáhùn, ó sì na ọwọ́ sí i. Jẹ́jẹ́ fà sẹ́yìn kí ọwọ́ náà má baà kàn án.

Abẹ́rẹ́ fi wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú sájẹ́ńtì tó bá a wá, ó sì padà sí gáréèjì. Ibi tó ya lára tápólì yẹn kò tíì fi í lọ́kàn balẹ̀. Ó gbé e sínú ìmọ́lẹ̀, ó fi èékánná họ etí rẹ̀. Sìmẹ́ńtì ló ti ṣàn wọ inú ibi tó ya náà, tó sì gan síbẹ̀. Ó jókòó sórí táyà. Fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, iṣẹ́ rẹ̀ kó o nírìíra débi pé ó fẹ́ kó ẹrù rẹ̀ kó sì máa lọ, kí gbogbo wọn pa ara wọn tán.

Kò lọ. Ó jáde sí àgbàlá ní aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú, ó sì ka ohun tó kọ sókè, pé Ọ̀gágun ló pa Dáwódù, kí tinú-tòde géètì lè gbọ́. Ọ̀gágun wà lórí àga rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀pá láàárín ẹsẹ̀. Kò janpata. Ó ní kí wọ́n gbé ìwé àlàáfíà wá, ó sì fi èékánná tẹ ìlà kan.

"Ọmọ ilé kejì ni wọ́n kọ síbí. Ọmọ mi kì í ṣe ọmọ ilé kejì. Èmi ni mo bí i. Níbo ni wọ́n ti mẹ́nu kan èmi nínú ìwé yìí?"

"Kò sí nínú ìwé yín, Bàbá. Ó wà nínú òfin ọlọ́pàá. Ẹ mú ọwọ́ yín wá."

Ọ̀gágun rẹ́rìn-ín, ó sì wo àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun wo Jẹ́jẹ́. Jẹ́jẹ́ ní kí wọ́n jẹ́ kí Màmá ọlọ́pàá de bàbá òun, kó sì de ìyá òun náà mọ́ wọn. Kò gbé ohùn sókè, kò sì sẹ́ni tó gbé ìbọn.

Òun fúnra rẹ̀ ló lọ tú okùn lára Bàbá Kékeré. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku, ó ń bẹ̀ ẹ́, kò mọ ibi tí òun yóò ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá Kékeré fi ọwọ́ pa á lórí. Ó ní kó dìde, wọ́n ti tan ọmọdé jẹ ni, ẹ̀jẹ̀ kan náà ni gbogbo wọn, òun ti dárí jì í. Ohùn rẹ̀ dùn, àwọn kan lẹ́yìn géètì ti ń nu ojú. Abẹ́rẹ́ kò lè gbọ́ ọ tán.

"Bàbá, ta ló da kọnkéré ilé jẹnẹrétọ̀ yín?"

Bàbá Kékeré ní òun kò rántí.

"Ẹni tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀ fi ṣọ́bìrì ba tápólì yẹn. Ibẹ̀ ya, ẹ sì rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Dípò kí ẹ ké jáde, ẹ da sìmẹ́ńtì lé e. Ó ṣàn wọ ibi tó ya, ó ṣì wà níbẹ̀."

"Ta ni ì bá gbà mí gbọ́? Lórí ilẹ̀ mi ni wọ́n ti rí i."

"Ẹ ò dán an wò."

Ọkùnrin náà tú ìka méjì ọwọ́ òsì rẹ̀ ká. "Ogun ti ń lọ dáadáa fún wa nígbà náà," ni ó wí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí ẹni pé ìyẹn tó àlàyé.

Jẹ́jẹ́ ti dìde. Eruku bo gbogbo àyà rẹ̀. Ó bi í pé ọdún wo nìyẹn. Bàbá Kékeré kò fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ogun tirẹ̀ sọ ọ́ láti ẹ̀yìn géètì pé ọdún kẹta ogun ni, òun wà lára àwọn tó po sìmẹ́ńtì náà.

"Ọdún karùn-ún ni mo pa ọmọ yín létí afárá," ni Jẹ́jẹ́ wí. "Ó ti sọ ìbọn rẹ̀ nù. Ó pè mí ní bùrọ̀dá."

Jẹ́jẹ́ fi ìbọn rẹ̀ lélẹ̀, ó wá jókòó sórí àga tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ọkùnrin náà kúrò lára rẹ̀. Ó ní kí Màmá kọ tòun náà sílẹ̀, gbogbo ẹni tí òun ti pa, níkọ̀ọ̀kan, òun rántí wọn. Abẹ́rẹ́ fa àpótí kan sún mọ́ ọn, ó sì ṣí ojú ìwé tuntun. Bàbá Kékeré ti kẹ́yìn sí wọn, ó ti ń wá ọ̀nà géètì.

"Ẹ jókòó, Bàbá," ni Abẹ́rẹ́ wí, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ọmọ yín la ó kọ́kọ́ kọ."